Fọ́tò Ìyá Aláṣọ Funfun ní Ojúde Ìwó

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ Sátidé. Ènìyàn ò tíì fọ ẹnu, fóònù ti ń ké. Ẹnìkan á kí gbogbo ilé kú àárọ̀, ẹnìkan á ní ewúrẹ́ òun sọnù, ẹlòmíì á fi àdúà gígùn ránṣẹ́, á ní kí á sọ "Àmín" kí á sì pín in fún ènìyàn mẹ́wàá. Bí o kò bá pín in, o ti di ọ̀tá Ọlọ́run nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Kùdírátù, aránṣọ tó ń rán híjáàbù ní Odò-Orí nílùú Ìwó. Ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó ń fojú kan wo fóònù. Ojúde Ìwó ló ń wò.

Ojúde Ìwó kì í ṣe ojúde tí ènìyàn lè tẹ́ní sí o. Gbàgede orí fóònù ni, tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sirajudeen dá sílẹ̀. Siraju ló ń sanwó rẹ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé, òun náà ló sì lè ti ẹlòmíì síta. Ọmọ Ìwó tó wà nílé àti èyí tó wà ní Sọ́ọ̀dí, gbogbo wọn ló ń bẹ níbẹ̀. Bàbá ọkọ Kùdírátù náà wà níbẹ̀, ààfáà àgbà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Ààfáà.

Fọ́tò kan já wọlé.

Ìyá arúgbó kan ni. Aṣọ funfun ló ró, ìlẹ̀kẹ̀ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ìkòkò funfun wà lórí rẹ̀. Ó fa ọmọdébìnrin kan lọ́wọ́, ọmọ náà wọ híjáàbù funfun ti ilé kéwú. Àwọn méjèèjì ń gba ọ̀nà odò lọ láàárín igbó. Ẹnìkan tó ń jẹ́ Mùrí Ọlọ́kadà kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ ṢỌ́RA O! Ní Olúpọ̀nnà láàárọ̀ yìí. Kí ni olórìṣà ń fi ọmọ kéwú ṣe létí odò? GBỌ́MỌGBỌ́MỌ NI! Ẹ pín in kó tó sá lọ!"

Ẹsẹ̀ Kùdírátù dúró lórí máṣíìnì. Ìyá rẹ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ sì ni.

Ẹfúnróyè ni orúkọ ìyá náà. Ọbàtálá ló ń sìn, bí ìyá tó bí i ṣe sìn ín. Bí ọjọ́ òrìṣà bá ti pé, á lọ pọnmi lódò ní kùtùkùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ rú u. Muslimah ọmọ Kùdírátù lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ ọmọ náà bíi kó bá ìyá àgbà lọ sódò. Ẹfúnróyè fúnra rẹ̀ ló ń bá a so híjáàbù mọ́ àgbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé òun ò bójú tó ọmọ ààfáà.

Kí ló wá dé tí Kùdírátù ò fi tẹ fóònù lójú ẹsẹ̀ kó sọ pé, "Ìyá mi ni"? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kò kúkú sí ohun tí mo fẹ́ fi bò. Nígbà tó fẹ́ wọlé ọkọ, ẹ̀rù bà á pé ilé ààfáà ò ní gba ọmọ olórìṣà. Ó ní ìyá òun ti kú. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kan ló jókòó sípò ìyá lọ́jọ́ yìgì. Habeeb ọkọ rẹ̀ mọ̀, ó dákẹ́. Bàbá Ààfáà ni kò mọ̀; ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá yẹn ló rò pé Muslimah ti ń lo ìsinmi. Gbogbo Ààwẹ̀ ni baba náà ń tọrọ àforíjì fún òkú àna rẹ̀, òkú sì wà ní Olúpọ̀nnà tó ń pọnmi.

Ọ̀rọ̀ ń rọ́ wọlé lórí fóònù.

"Ẹ má jẹ́ kó lọ o!"

"Àwa tí a wà ní oríta Olúpọ̀nnà ti ń dúró dè é."

Ẹnìkan bèèrè pé ta ló ní táyà àlòkù. Èèyàn mẹ́ta fi ẹ̀rín dá a lóhùn.

Kùdírátù pe fóònù ìyá rẹ̀. Kò lọ. Ó tún pè é, kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ yìí gan-an ni ìyá àgbà sọ pé òun máa mú Muslimah padà wá sí ṣọ́ọ̀bù; oríta yẹn náà ni wọ́n máa gbà ti odò bọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa wọ ọ̀kadà. Ó dìde, kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó kàn ń sáré. Bàtà ẹsẹ̀ kan já lọ́nà, ó fi méjèèjì sílẹ̀ síbẹ̀.

Siraju wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mọ́láyọ̀ jókòó tì í. Agbẹjọ́rò ni, ó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwa tí a ń la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ wọn. Ìwé tí a fẹ́ pín ló wá tẹ̀.

"Bùròdá Siraju, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ fọ́tò yẹn kúrò! Ẹ yọ ọ́ báyìí!"

"Ìyàwó Habeeb, ẹ mí ná. Fọ́tò wo?"

"Ti ìyá aláṣọ funfun. Wọ́n máa pa á!"

Siraju wo fóònù, ó mi orí. "N ò ní yọ nǹkankan. Ọ̀rọ̀ kànga ò tíì tán lára mi."

Ta ló gbàgbé ọ̀rọ̀ kànga? Lóṣù tó kọjá, ẹnìkan kọ ọ́ sí Ojúde pé omi kànga agboolé kan ń rùn, pé àwọn ọmọdé ibẹ̀ ti ń yàgbẹ́ gbuuru. Àbúrò bàbá Siraju ló ni kànga náà. Siraju pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, kò sọ ìdí. Àwọn ènìyàn bú u, wọ́n bú u dé egungun. Láti ìgbà náà ló ti búra pé òun ò ní yọ ohunkóhun mọ́, ì báà ṣe èébú, ì báà ṣe irọ́.

"Wọ́n á tún ní mo ń di àwọn lẹ́nu," ló sọ.

Mọ́láyọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ Kùdírátù, ó kà á, ó dá a padà. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Siraju, ta ló ni Ojúde yìí?"

"Èmi ni."

"Bí ẹnìkan bá dúró lójúde bàbá rẹ, tó na ìka sí arúgbó tó ń kọjá lọ, tó ń ké pé kí wọ́n mú un, kí wọ́n dáná sun ún, kí lo máa ṣe?"

"Màá lé e ni."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

"Àǹtí lọ́yà, bí mo bá yọ ọ́..."

"Ti kànga lo fi di wọ́n lẹ́nu! Ẹni tó ní omi ń rùn ń kìlọ̀ fún ìlú. Ẹni tó ní kí wọ́n mú arúgbó ń rán ìlú níṣẹ́ ìpànìyàn. O yọ èyí tó yẹ kó dúró, o wá fẹ́ fi èyí tó yẹ kó kúrò sílẹ̀. Yọ ọ́, kí o sì sọ ìdí tí o fi yọ ọ́."

Siraju tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n kò kọ ìdí kankan. Mọ́láyọ̀ ti bọ́ sẹ́yìn, ó ń pe àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ rò pé ó parí? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Wọ́n ti yọ ọ́! Siraju ti gbowó!"

"Ó yọ ti kànga, ó tún yọ ti gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n!"

"Mo ti fi pamọ́ sórí fóònù mi. Òun rèé!"

Fọ́tò náà padà wá. Siraju yọ ọ́, ẹlòmíì tún gbé e wá. Bí eṣinṣin tí a ń lé lórí egbò ni. Kùdírátù kò lè jókòó, kò lè dúró, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bọ̀. Ó tún pe ìyá rẹ̀. Kò lọ.

Ọ̀kadà kan dúró gìrì síta, Mùrí sì wọlé tìbínútìbínú. Òun ló ya fọ́tò náà. Ọmọkùnrin dáadáa ni, ẹ má ṣì mí gbọ́, kì í gbowó lọ́wọ́ aláboyún. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ máa ń sáré ju ọ̀kadà rẹ̀ lọ.

"Ta ló yọ ọ̀rọ̀ mi? Ṣé ìjọba ológun la wà ni? Òfin Nàìjíríà ní kí n sọ tẹnu mi!"

"Òótọ́ ni," Mọ́láyọ̀ dá a lóhùn. "Òfin fún ẹ lẹ́nu. Ìjọba ò gbọdọ̀ torí pé o sọ èrò rẹ kó wá gbé ọ tì mọ́lé. Ṣùgbọ́n Siraju kì í ṣe ìjọba. Òfin ò ní kó gbé gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ jáde sójúde rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, lọ dá tìrẹ sílẹ̀."

"Màá dá a sílẹ̀!"

"Kò burú. Bí o bá sì dá a sílẹ̀, bí o bá pa irọ́ ba ẹnìkan lórúkọ jẹ́ níbẹ̀, ẹni náà lè pè ọ́ lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá torí ọ̀rọ̀ rẹ pa á, ọ̀dọ̀ rẹ ni ọlọ́pàá á kọ́kọ́ yà sí."

"Irọ́ kọ́! Mo fojú ara mi rí i!"

"Kí lo rí?"

"Ìyá olórìṣà àti ọmọ kéwú."

"Ṣé ó ń fi ipá fà á? Ṣé ọmọ ń sunkún?"

"Rárá. Wọ́n... wọ́n ń kọrin."

"O bi wọ́n léèrè ohunkóhun?"

"Mo gbé èrò sẹ́yìn ọ̀kadà. Mi ò dúró."

"Háà, Mùrí!" Mọ́láyọ̀ pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀ pé ilé odídẹrẹ́ ni Ìwó. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ pàápàá á kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnìkan kó tó máa sọ ọ́. Ìwọ, ta lo gbọ́ tìrẹ lẹ́nu rẹ̀?"

Mùrí wolẹ̀. Siraju fọwọ́ bojú.

"Bí mo bá kọ ọ́ pé irọ́ ni, wọn ò ní gbà mí gbọ́," ló wí. "Ẹni tó mọ ìyá yẹn ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Ìyàwó Habeeb, ẹ̀yin lẹ sáré wá. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?"

Kùdírátù wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. Bàbá Ààfáà wà ní Ojúde yẹn. Àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà tó ń ránṣọ fún wà níbẹ̀. Ilé tó ti kọ́ láti ọjọ́ yìgì, ọ̀rọ̀ kan ló máa wó o.

Fóònù ké lọ́wọ́ Siraju. Ó kà á síta: "A ti mú un o! Oríta Olúpọ̀nnà. Ó ń pe ọmọ náà ní ọmọ-ọmọ rẹ̀, ẹ gbọ́ irọ́!"

Kùdírátù gbé fóònù tirẹ̀ sẹ́nu. Ó tẹ ibi tí wọ́n ń fi ohùn ránṣẹ́, ó sì sọ̀rọ̀, omi ń dà lójú rẹ̀:

"Ẹ̀yin ará Ìwó, èmi Kùdírátù aránṣọ ni, ìyàwó Habeeb, nílé Bàbá Ààfáà. Ìyá tó wọ aṣọ funfun yẹn, Ẹfúnróyè ni. Ìyá mi ni. Òun ló bí mi. Muslimah ọmọ mi ló fà lọ́wọ́. Ìyá mi ò kú o. Èmi ni mo ní ó ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú lóòótọ́."

Mùrí ló kọ́kọ́ rìn. Ó bọ́ síta, ó ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀.

"Ẹ gùn ún, màmá Muslimah. Ẹ dákun, ẹ gùn ún."

Bí ọ̀kadà náà ṣe sáré tó, n ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú kó dán an wò. Kùdírátù di Mùrí lẹ́wù mú, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀, ó ka èyí tí wọ́n kọ́ ọ nílé ọkọ, ó ka èyí tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ dàgbà.

Èrò ti pé bo oríta. Ẹfúnróyè wà nílẹ̀ láàárín wọn, ìkòkò rẹ̀ ti fọ́, omi òrìṣà ti dà sí i lára, iyẹ̀pẹ̀ ti ba aṣọ funfun jẹ́. Muslimah dì mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n ń fà á, kò tú ọwọ́. Ọkùnrin kan ti mú òkúta.

Fóònù ẹnìkan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láàárín èrò. "Ẹ̀yin ará Ìwó, èmi Kùdírátù aránṣọ ni..." Ẹlòmíì tẹ tirẹ̀, ẹlòmíì tún tẹ tirẹ̀. Ohùn kan náà ń jáde lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ pànìyàn.

"Ohùn màámi nìyẹn!" Muslimah ké. "Ìyá àgbà, màámi ni!"

Ọkùnrin olókùúta wo òkúta ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ bó ṣe débẹ̀. Ó jù ú sígbó. Nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá fi máa dé, púpọ̀ nínú àwọn tó ń pariwo ti rántí pé àwọn ní iṣẹ́ nílé.

Kùdírátù kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ojú màmá wú níbi kan, ètè rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò sunkún.

"Kùdírá," ló wí, "o pè mí ní ìyá rẹ lójú ayé."

Wọ́n gbé e lọ síléèwòsàn. Mùrí ló sanwó oògùn, kò sẹ́ni tó ní kó san án. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Kùdírátù mú ìyá rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní kó jókòó níbẹ̀, òun nìkan sì lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Ààfáà. Tẹ̀sùbáà ń lọ lọ́wọ́ baba. Habeeb dúró sí kọ̀rọ̀.

"Kí lo ní orúkọ ìyá rẹ ń jẹ́?"

"Ẹfúnróyè, bàbá."

"Ẹfúnróyè. Ṣé ẹni tí mo ń tọrọ àforíjì fún bí òkú láti ọdún tó ti pẹ́ yìí?"

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Habeeb. Baba wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Inú bí mi," ni baba wí. "Kò tíì kúrò. Ọmọkùnrin ọlọ́kadà yẹn pa irọ́ mọ́ ìyá rẹ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ìlú ń bú u. Ìwọ tó o sin ín láàyè ńkọ́?"

Baba tún ṣe tẹ̀sùbáà díẹ̀.

"Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Níbo lo fi ìyá náà sí?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, bàbá."

"Àna mi wà ní ṣọ́ọ̀bù, o wá kúnlẹ̀ síbí? Dìde. Lọ mú un wọlé."

Lọ́jọ́ kejì, Mùrí tọrọ àforíjì. Ní Ojúde Ìwó náà ló ti tọrọ rẹ̀, níbi tó ti bà á jẹ́, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ojú rẹ̀. Kò tán ọ̀rọ̀ o. Títí di òní yìí, fọ́tò yẹn ṣì wà lórí fóònù àwọn kan ní Kuta àti Ilé-Ogbó tí wọn ò gbọ́ apá kejì. Bí Ẹfúnróyè bá ń kọjá níbòmíì, àwọn kan ṣì ń pe ọmọ wọn wọlé. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ẹyin tó fọ́, àforíjì kì í kó o jọ.

Siraju náà ṣe tirẹ̀. Ó kọ òfin Ojúde sójú ibi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i. Ó dá ọ̀rọ̀ kànga padà, ó sì bẹ ẹni tó kọ ọ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ò kí i mọ́, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti wá wo omi náà, wọ́n sì ti fi oògùn sí i.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ìwọ tí o ní gbàgede lórí fóònù, ilé rẹ ni, o lè ti ẹni tó ń rú ìlú sókè síta. Ìyẹn kì í ṣe ìfẹ̀tọ́dunni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí àlejò mọ òfin ilé rẹ kó tó wọlé, má yọ ọ̀rọ̀ láìsọ ìdí, má sì torí mọ̀lẹ́bí bo òtítọ́. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tó ń yọ ọ̀rọ̀ bo kànga tó ń rùn lánàá, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fi gba ẹ̀mí là.

Ìwọ tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ rẹ, bèèrè ìdí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí òtítọ́ ni, tó sì kan ìlera tàbí ẹ̀mí, gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó yẹ. Ojúde ẹnìkan kọ́ ni gbogbo ayé.

Bí o bá rí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù lójú ọ̀nà, ọlọ́pàá ni kí o pè. Má pe èrò. Bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wọ orí fóònù rẹ, má pín in, kódà láti fi bèèrè pé ṣé òótọ́ ni. Fi tó ẹni tó ni gbàgede létí. Bí o bá sì mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, sọ ọ́ síta pẹ̀lú orúkọ rẹ, bó tilẹ̀ ń tì ọ́ lójú. Torí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an la ṣe ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀.

Kí ìka rẹ tó kan fóònù, bi ara rẹ léèrè: ìyá ta ni èyí? Ó lè jẹ́ ìyá ẹni tó ń rán híjáàbù ọmọ rẹ, tí kò tíì lẹ́nu láti sọ fún ọ.